Lẹ́yìn Tí Ìlà Kejì Bá Yọ

Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni àyẹ̀wò náà ń gbà. Òṣìṣẹ́ ìlera á fi òwú tí wọ́n ti rẹ sínú spírítì nu orí ìka, á gún un lẹ́ẹ̀kan, á fa ẹ̀jẹ̀ tó bá yọ, á sì kán an sórí bébà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kò fẹ̀ ju ìka lọ. Determine ni orúkọ èyí tí wọ́n mọ̀ jù ní àwọn ọsibítù ilẹ̀ wa. Omi oògùn ẹ̀kán kan á tẹ̀ lé e, ẹ̀jẹ̀ náà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fà lórí bébà. Ìlà kan gbọ́dọ̀ yọ, òun ló ń fi hàn pé àyẹ̀wò náà ṣiṣẹ́. Bí ìlà kejì bá yọ, ìbáà ṣe bàìbàì, wọn kò gbọ́dọ̀ fojú fò ó.

Akẹ́kọ̀ọ́ tó jókòó síwájú tábìlì yẹn sábà máa ń rò pé ibẹ̀ ni ayé parí sí. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Nínú gbogbo ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí ọ̀dọ́ tí wọ́n bá kòkòrò HIV lára rẹ̀, àyẹ̀wò ló yá jù. Ohun tó ń pinnu bóyá ọmọ náà yóò gba ìwé-ẹ̀rí rẹ̀, yóò ṣe àgùnbánirọ̀, yóò lọ́kọ tàbí láya, yóò bímọ, yóò sì dàgbà darúgbó, ni ọ̀sẹ̀ mélòó kan tó tẹ̀ lé e. Ta ló bá a sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà? Ọjọ́ wo ló bẹ̀rẹ̀ oògùn? Ṣé ó padà wá? Bí kò bá sì padà wá, ta ló pè é? Àwọn oníṣègùn ti mọ èyí tipẹ́. Àwọn òbí àti àwọn tó ń ṣàkóso ilé-ẹ̀kọ́ ló kù tó yẹ kí wọ́n mọ̀ ọ́n.

Ẹgàn, tó wà lójú ọ̀nà tó gba LASU lọ sí Ìṣẹ́rì, jẹ́ ibi tí èèyàn ti lè rí ọ̀rọ̀ yìí kedere. Ìjọba ìbílẹ̀ Alimọ́ṣọ́ ló wà. Nígbà ìkànìyàn ọdún 2006, èèyàn 1,277,714 ni wọ́n kà ní Alimọ́ṣọ́, kò sì sí ìjọba ìbílẹ̀ mìíràn ní Èkó tó tó bẹ́ẹ̀. Láti Ẹgàn, Ìgándò àti Àkẹ̀sán ni àìmọye akẹ́kọ̀ọ́ ti ń wọ dánfó lọ sí Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, LASU, ní Ọ̀jọ́, ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1983. Yàrá tí àwọn méjì tàbí mẹ́ta para pọ̀ san owó rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn ń gbé. Ọsibítù ìjọba tó wà nítòsí wọn ni Alimosho General Hospital ní Ìgándò, wọ́n sì ń tọ́jú àwọn tó ní kòkòrò HIV níbẹ̀.

Bí èèyàn bá wo máàpù, kò sí ìṣòro: ọsibítù ò jìnnà, oògùn ò gbowó. Àmọ́ ìtòsí yẹn gan-an ló ń lé àwọn mìíràn sá. Ẹni tó ń ta búrẹ́dì lẹ́nu géètì lè jẹ́ aládùúgbò, ẹni tó ń yọ káàdì lè jẹ́ ọmọ ìjọ kan náà. Nítorí náà ni àwọn kan fi ń san owó ọkọ̀ gọbọi lọ sí Yábàá, níbi tí Iléeṣẹ́ Ìwádìí Ìṣègùn Nàìjíríà, NIMR, ti ní kílíníìkì, tàbí sí ọsibítù LUTH ní Ìdí-Àràbà, nígbà tí oògùn kan náà wà ní ibi tí kẹ̀kẹ́ Márúwá lè gbé wọn dé. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni bú wọn. Ṣùgbọ́n owó ọkọ̀ ló máa ń kọ́kọ́ tán lápò akẹ́kọ̀ọ́, ọjọ́ tó bá sì tán, ìtọ́jú dúró nìyẹn.

Ìwádìí ńlá tí ìjọba àpapọ̀ ṣe kárí orílẹ̀-èdè ní 2018, tí èsì rẹ̀ jáde ní oṣù kẹta ọdún 2019, fi hàn pé mílíọ̀nù 1.9 èèyàn ló ní kòkòrò HIV ní Nàìjíríà. Láàárín àwọn tó jẹ́ ọmọ ọdún 15 sí 49, ìdá 1.4 nínú ọgọ́rùn-ún ni. Ní ìhà gúúsù ìwọ̀-oòrùn, níbi tí Èkó wà, ó jẹ́ 1.1. Iye náà lè dà bí ohun kékeré. Àmọ́ ohun kan wà nínú ìwádìí yẹn tó kan yunifásítì gbọ̀ngbọ̀n: obìnrin tó wà láàárín ọmọ ọdún 20 sí 24 fi ìlọ́po mẹ́ta àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ju ọkùnrin ọjọ́ orí rẹ̀ lọ láti ní kòkòrò náà. Ọjọ́ orí yẹn ni ti ọmọbìnrin tó wà ní ipele kejì, kẹta, kẹrin. Kì í ṣe ẹgbẹ́ wọn lọ́kùnrin ló ń kó o ràn wọ́n jù; àwọn ọkùnrin tó dàgbà jù wọ́n lọ ni, àwọn tó ń san owó yàrá tàbí owó ilé-ẹ̀kọ́, tí ọmọbìnrin kò sì lè bá jiyàn lórí kọ́ńdọ̀ọ̀mù.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn tún wà tí kì í ṣe ìbálòpọ̀ ló kó o bá wọn. Láti ara ìyá ni wọ́n ti gbà á, kí ètò tó ń dáàbò bo ọmọ inú oyún tó tàn kálẹ̀. Oògùn di ọ̀fẹ́ ní Nàìjíríà ní 2006, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ tí oògùn yẹn gbà là ti di ẹni tó ń wọ yunifásítì báyìí. Àwọn kan nínú wọn ti ń lo oògùn láti kékeré láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ ohun tó wà fún. Fítámì ni wọ́n ń pè é fún wọn nílé, tàbí oògùn ẹ̀jẹ̀. Wọ́n wá ń gbọ́ òótọ́ ní ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, mẹ́tàdínlógún, ní àkókò kan náà tí wọ́n ń kúrò ní kílíníìkì àwọn ọmọdé bọ́ sí ti àgbà, tí wọ́n sì ń fi ilé òbí sílẹ̀. Lójú ẹni tó bá rò ó dáadáa, àwọn wọ̀nyí ni ọ̀rọ̀ wọn yẹ kó ká èèyàn lára jù.

Ká padà sórí bébà tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn. Ìlà kejì lórí àyẹ̀wò àkọ́kọ́ kò tíì tó láti sọ fún ẹnikẹ́ni pé ó ní HIV. Irú àyẹ̀wò mìíràn, tí iléeṣẹ́ mìíràn ṣe, ni wọn yóò fi tún un wò. Láti 2019 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ń gba àwọn orílẹ̀-èdè nímọ̀ràn pé kí àyẹ̀wò mẹ́ta bára wọn mu kí wọ́n tó sọ ọ́ jáde. Ìdí nìyẹn tí àyẹ̀wò kan ṣoṣo tí wọ́n ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù kẹ́mísíìtì tàbí láàbù kékeré, tí wọ́n kọ èsì rẹ̀ sórí abala bébà, kò fi lè jẹ́ ìdájọ́. Bákan náà ni ti OraQuick, èyí tí èèyàn ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ nù mọ́ erìgì òkè àti ti ìsàlẹ̀, tí yóò kì bọ inú ìgò omi kékeré, tí yóò sì wò lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú. Ó wúlò gan-an fún akẹ́kọ̀ọ́ tí ojú ń tì, nítorí kò sí ẹni tó ń wò ó. Ṣùgbọ́n bí ìlà méjì bá yọ, ọsibítù ló kàn.

Ìlà kan ṣoṣo náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ẹni tó kó kòkòrò náà lọ́sẹ̀ tó kọjá lè rí ìlà kan, torí ara rẹ̀ kò tíì pèsè ohun tí àyẹ̀wò ń wá. Ó lè gbà tó oṣù mẹ́ta. Láàárín àkókò yẹn, ibà lè mú un, ọ̀fun lè máa dùn ún, ara rẹ̀ lè sú. Wọ́n á fún un ní oògùn ibà, ara á yá, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀ lójú tirẹ̀. Ó yẹ kó padà wá fún àyẹ̀wò kejì. Ẹni tí wọ́n fipá bá lò ní tirẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dúró de àyẹ̀wò kankan kó tó wá ìrànlọ́wọ́: oògùn kan wà tí wọ́n ń lò fún ọjọ́ 28 láti má jẹ́ kí kòkòrò náà ráyè, àmọ́ wọ́n gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kí wákàtí 72 tó pé. Mirabel Centre, tó wà nínú ọgbà ọsibítù LASUTH ní Ìkẹjà láti 2013, ń tọ́jú irú àwọn bẹ́ẹ̀.

Tí àwọn àyẹ̀wò bá ti fohùn ṣọ̀kan, iṣẹ́ olùdámọ̀ràn ló kàn. Olùdámọ̀ràn tó mọ iṣẹ́ kì í yára sọ̀rọ̀. Ó máa ń jẹ́ kí ọmọ náà sunkún, ó máa ń bi í léèrè ta ló wà nílé, ta ló lè fọkàn tán, ṣé ó ń rò láti ṣe ara rẹ̀ léṣe. Lẹ́yìn èyí ni yóò tó sọ fún un pé oògùn wà, pé kò ní kú sí i. Ó dára kí ọ̀rọ̀ ìkẹ́yìn yìí wọ inú etí ọmọ náà kó tó jáde lẹ́nu ọ̀nà, nítorí ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n bá sọ lọ́jọ́ yẹn ni kò ní rántí.

Nígbà kan, wọ́n máa ń dúró kí iye sójà tó ń dáàbò bo ara ẹni náà wálẹ̀ kí wọ́n tó fún un lóògùn. Àwọn ọ̀dọ́ tí ara wọn le ni wọ́n máa ń dá padà sílé, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì padà wá títí àìsàn fi gbé wọn dé. Àjọ Ìlera Àgbáyé fòpin sí ìyẹn ní 2015: ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá ti bá kòkòrò náà lára rẹ̀ ni kó bẹ̀rẹ̀ oògùn. Nàìjíríà gba ìlànà náà wọlé lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Láti 2017 ni ìmọ̀ràn ti wà pé kí oògùn bẹ̀rẹ̀ láàárín ọjọ́ méje, àní lọ́jọ́ kan náà bí ẹni náà bá ti ṣe tán. Kí wọ́n tó fún un, wọ́n á bi í bóyá ó ń wúkọ́, bóyá ó ń làágùn lóru, bóyá ó ń rù, torí ikọ́ ẹ̀gbẹ ló ń pa àwọn tó ní HIV jù. Wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀ láti ka CD4, ìyẹn àwọn sójà ara. Bí kò bá tó 200, ìtọ́jú rẹ̀ á le koko sí i. Wọ́n á wo kíndìnrín, wọ́n á sì wo àrùn ẹ̀dọ̀ tó ń jẹ́ hepatitis B.

Oògùn ẹyọ kan ṣoṣo ni, lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́. Oògùn mẹ́ta ni wọ́n pò pọ̀ sínú rẹ̀: tenofovir, lamivudine àti dolutegravir; TLD ni wọ́n ń pè é ní kílíníìkì. Ó sàn púpọ̀ ju ti àtijọ́ lọ, tó máa ń fa òòyì tó sì ń dá àlá burúkú sílẹ̀. TLD lè dí oorun lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, wọ́n á ní kó máa lò ó láàárọ̀. Ohun tí a kì í sọ tó ni pé oògùn ọgbẹ́ inú bíi Gestid, oògùn ẹ̀jẹ̀ tó ní irin nínú, àti kálíṣíọ̀mù máa ń dí dolutegravir lọ́nà. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ọgbẹ́ inú ń yọ lẹ́nu lásìkò ìdánwò yẹ kó lo TLD ní wákàtí méjì ṣáájú Gestid, tàbí wákàtí mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀.

Ìṣòro tó wá tóbi ju èyí lọ ni ike oògùn náà. Ó funfun, ó tóbi, àkọlé rẹ̀ sì hàn ketekete. Ẹnikẹ́ni tó bá tẹ orúkọ yẹn sórí fóònù á mọ ohun tó wà fún láàárín ìṣẹ́jú kan. Ó tún máa ń ró ṣaka-ṣaka nínú báàgì. Nínú yàrá ẹni mẹ́ta ní Ẹgàn, níbi tí wọ́n ti ń jọ lo àpótí aṣọ àti àkéte, ibo ni ọmọ yóò gbé e sí? Àwọn kan máa ń ya àkọlé rẹ̀ dànù, àwọn kan máa ń ki òwú bọ inú rẹ̀ kó má baà ró, àwọn mìíràn ń dà á sínú ike fítámì. Ẹni tó bá fẹ́ dà á síbòmíràn gbọ́dọ̀ kó àpò kékeré tó ń gbẹ omi lára oògùn náà mọ́ ọn, kó sì dé e pinpin, torí ọ̀rinrin ń bà á jẹ́. Ó yẹ kí nọ́ọ̀sì fi ẹnu ara rẹ̀ kọ́ ọmọ ní irú ọgbọ́n báyìí lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ọmọ tí kò ríbi tọ́jú ike sí ni yóò fi í sílẹ̀ nílé ìyá rẹ̀, tí yóò sì lo ọ̀sẹ̀ méjì láìgbé nǹkan sẹ́nu.

Lẹ́yìn èyí ni ọjọ́ ìpadàwá. Ó sábà máa ń jẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì, lẹ́yìn náà oṣù kan, lẹ́yìn náà oṣù mẹ́ta. Àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ ni, ìlà sì máa ń gùn. Àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ náà ni kíláàsì, ibẹ̀ ni ìdánwò, ibẹ̀ ni olùkọ́ ti ń pe orúkọ. Bí ìyanṣẹ́lódì bá dé, ilé-ẹ̀kọ́ á tì, ọmọ á padà sí Ìlọrin tàbí Òndó. Bó bá parí ẹ̀kọ́, ibùdó àgùnbánirọ̀ á gbà á. Kò sí ìkankan nínú nǹkan wọ̀nyí tí kì í ṣe ohun tí gbogbo èèyàn mọ̀ ṣáájú. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ kílíníìkì ṣì ń fi ọjọ́ sílẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ bí ẹni pé ó ní ṣọ́ọ̀bù tó lè tì nígbà tó bá wù ú. Ìbéèrè méjì péré ló tó láti yí èyí padà: ìgbà wo ni ìdánwò rẹ, ibo lo sì ń lọ ní ìsinmi? Ẹni tó ń rìnrìn-àjò lè gba oògùn oṣù mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà lẹ́yìn tí ara rẹ̀ bá ti bá oògùn mu, tàbí kí wọ́n kọ ìwé lé e lọ́wọ́ lọ sí ọsibítù ibi tó ń lọ.

Ní Kenya ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ohun kan fún àwọn ọ̀dọ́, tó ti dé Nàìjíríà, Operation Triple Zero: òdo ọjọ́ tí a kò wá, òdo oògùn tí a kò lò, òdo kòkòrò tó hàn nínú ẹ̀jẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ fúnra wọn ló ń ṣe é, wọ́n ń pàdé lọ́jọ́ Sátidé ní ibi púpọ̀, wọ́n ń pe ara wọn lórí fóònù. Ọmọ ogún ọdún máa ń gbọ́ sí ọmọ ogún ọdún lẹ́nu ju dókítà lọ.

Ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ náà kò ṣeé fò ní agbègbè yìí. Ìkọ̀tún ni ìjọ olóògbé T.B. Joshua wà, níbi tí àwọn èèyàn ti ń ti orílẹ̀-èdè mìíràn wá gba àdúrà ìwòsàn. Kò sí ìjà láàárín àdúrà àti TLD. Ibi tí ewu wà ni pé oògùn yẹn máa ń ṣiṣẹ́ kíákíá: láàárín oṣù díẹ̀, kòkòrò lè dínkù débi pé ẹ̀rọ kò ní rí i mọ́. Ọmọ tí ara rẹ̀ ti yá, tí wọ́n sọ fún un pé ẹ̀rọ kò rí nǹkan kan, lè gbà pé Ọlọ́run ti wò ó sàn, kó sì da oògùn nù. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kòkòrò náà á ti pọ̀ padà. Pásítọ̀ tó bá sọ fún un pé kó máa lo oògùn rẹ̀ nìṣó, ó gba ẹ̀mí là.

Ìtìjú tó yí ọ̀rọ̀ yìí ká ti pẹ́. Nígbà tí Fẹlá Aníkúlápó-Kútì kú ní ọjọ́ kejì oṣù kẹjọ 1997, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olíkóyè Ransome-Kútì tó ti jẹ́ mínísítà ìlera, ló jáde sọ fún gbogbo ayé pé Éèdì ló pa á. Ọ̀pọ̀ èèyàn kò gbà á gbọ́. Ní àárín àkókò yẹn náà ni wọ́n bá kòkòrò HIV lára ọmọ ọdún 19 kan tó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Iléṣà, Yínká Jẹ́gẹ́dẹ́-Ekpe. Àwọn tí wọ́n jọ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú aláìsàn ni kò fẹ́ bá a lo balùwẹ̀ kan náà. Wọ́n fẹ́ kó lọ, kò lọ. Ó sọ ipò rẹ̀ ní gbangba nígbà tí ó ṣòro ká tó rí obìnrin tó ṣe bẹ́ẹ̀ ní Nàìjíríà, ó dá ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó ní HIV sílẹ̀ ní 2001, ó sì gba àmì-ẹ̀yẹ Reebok lórí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ní 2004.

Òfin ti wá dé báyìí. Ní 2012, ilé-ẹjọ́ gíga ní Ìkẹjà dá obìnrin òṣìṣẹ́ ìlera kan láre, ẹni tí ọsibítù lé lẹ́nu iṣẹ́ ní 1995 lẹ́yìn tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò láìgba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Mílíọ̀nù méje náírà ni wọ́n ní kí wọ́n san fún un. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti 2014 sì ka á léèwọ̀ láti fi àyẹ̀wò HIV ṣe ẹnu ọ̀nà sí iṣẹ́ tàbí ohun tó tọ́ sí aráàlú. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá mọ èyí lè dín ẹ̀rù tó ń bà á kù.

Ẹ̀rù mìíràn dé ní 2025. Ní ọjọ́ 20 oṣù kìíní, ìjọba Amẹ́ríkà dá owó ìrànwọ́ tó ń fi ránṣẹ́ sókè òkun dúró, owó tí apá púpọ̀ nínú ìtọ́jú HIV ní Nàìjíríà ti ń gbára lé láti nǹkan bí ogún ọdún. Kò pẹ́ sígbà náà ni ìgbìmọ̀ aláṣẹ ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí bílíọ̀nù 4.8 náírà láti ra páálí oògùn 150,000 fún oṣù mẹ́rin. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n owó ilẹ̀ òkèèrè yẹn náà ni wọ́n ti ń san fún ọ̀pọ̀ àwọn tó ń pe aláìsàn lórí fóònù nígbà tí kò bá wá, àwọn tó mọ orúkọ àti àdúgbò wọn. Ìpínlẹ̀ àti yunifásítì lè gbà wọ́n síṣẹ́, owó wọn kò pọ̀.

Tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti lo oògùn fún oṣù mẹ́fà, wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ láti ka kòkòrò tó wà nínú rẹ̀. Bí ó bá ti lọ sílẹ̀ débi pé ẹ̀rọ kò lè rí i, tí ẹni náà sì ń lo oògùn rẹ̀ lójoojúmọ́, kò ní kó o ran ẹni tó ń bá a sùn. Ìwádìí PARTNER tí wọ́n ṣe ní Yúróòpù tẹ̀ lé àwọn tọkọtaya tí ẹnì kan nínú wọn ní kòkòrò náà, tí wọn kì í sì í lo kọ́ńdọ̀ọ̀mù. Kò sí ẹyọ ẹnì kan tó kó o láti ara ẹnì kejì rẹ̀ tó wà lórí oògùn bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà tí èsì yìí bá ti dára ni kílíníìkì ti lè fún un ní oògùn oṣù mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni yóò máa wá nígbà náà, ọ̀kan ní sẹ̀mẹ́sítà kọ̀ọ̀kan.